Àwọn Ìyá Tí Ń Gbèjà Ìdílé: Ẹgbẹ́ Obìnrin àti Ìlànà Ilé ní Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀

Ní gúúsù ilẹ̀ Oǹdó, níbi tí Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀ wà, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìṣọ́ ìlànà ìdílé ti wà láti ayébáyé. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin pé kí ó pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ilé ọkọ. Àwọn ni wọ́n ń bá aya wí bí ẹnu rẹ̀ bá mú jù, àwọn náà ni wọ́n sì ń pe ọkọ tí kò gbọ́ bùkátà jókòó láàrin ẹbí. Ọba lè ṣòfin, àlùfáà lè wàásù, ṣùgbọ́n àgbà obìnrin ilé ni ó ń rí i pé ohun tí wọ́n sọ di ohun tí à ń ṣe. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni dé, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ gba iṣẹ́ yìí mọ́ra. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí náà ṣe tiwọn, ìjọba pàápàá sì dá sí i nígbà tó yá. Ohun kan ni kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ pé kí aya tọ́jú ilé kò fi ìgbà kankan rò pé kí ó má lọ sọ́jà.

Ìlú àwọn ará Oǹdó ni Òdìgbó, nínú igbó ńlá tó wà láàrin Òde Oǹdó àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀rúnjà ni oyè ọba ibẹ̀. Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó lónìí, àgbègbè tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn tó lé ní 230,000 níbẹ̀. Àṣà Òde Oǹdó ni àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sínú igbó yìí gbé wá, nítorí náà Òde Oǹdó ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé obìnrin ni ọba àkọ́kọ́, Púpùpú, kí adé tó bọ́ sọ́wọ́ Àìró ọmọkùnrin rẹ̀. Adé kò padà sọ́dọ̀ obìnrin mọ́ láti ìgbà náà, àmọ́ oyè Lóbùn wà fún wọn. Lóbùn ni ọba àwọn obìnrin, ó sì ní àwọn ìjòyè obìnrin tirẹ̀ tí à ń pè ní Òpójì. Ó ní ipa tirẹ̀ nínú ìwúyè Òṣemàwé, ọba Oǹdó, òun ni olórí ọjà, òun náà sì ni aṣíwájú ọdún Ajé. Oyè tí ó ga jù fún obìnrin ní ilẹ̀ Oǹdó, oyè ọjà àti ti ìfọbajẹ ni. Kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun tó tako jíjẹ́ aya tàbí ìyá.

Ọ̀bìtun ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ han ìlú. Wọn a fi ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ olówó ńlá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a tẹ̀ lé e, ìlù àti orin a sì mú un kiri ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Ọ̀dọ́ ni ayẹyẹ náà wà fún, ṣùgbọ́n àwọn àgbà obìnrin ni wọ́n di okùn rẹ̀ mú. Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé ọmọ náà pa ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀sín ọmọ tí kò sì pa ara rẹ̀ mọ́, orí ìyá rẹ̀ ni ń bọ́ sí. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí ará ilé ọkọ. Wọ́n ń kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, títí kan ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí ọmọ náà kí ìyàwó tó wọlé. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ ti ìyálé, àti bí ẹnu aya kì í ṣeé ṣí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ bá gbọ́.

Ẹ̀kọ́ náà ní apá kejì, èyí tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí àṣà ìgbéyàwó sábà máa ń gbàgbé. Ọkọ ní gbèsè lọ́rùn. Òun ni yóò wá oúnjẹ oko, òun ni yóò wá ilé, òun náà ni ó sì yẹ kí ó wá owó tí aya yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Èrè tó bá jáde nínú òwò náà, ti obìnrin ni. Kò sí ọkọ tó lè kó o láìjẹ́ pé ẹbí aya bi í léèrè. Òun ni obìnrin fi ń ra ẹja, iyọ̀ àti aṣọ ọmọ, òun náà ni ó fi ń ṣe ìnáwó nílé bàbá rẹ̀. Obìnrin tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe aya rere lójú àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyí. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá sọ pé wọ́n ń gbèjà ìlànà ìdílé, ìlànà tí wọ́n ń gbèjà ní ẹ̀tọ́ aya nínú bí ó ti ní ìtẹríba rẹ̀, wọn kì í sì í gbà kí ọkọ mú ìkan kí ó sọ èkejì nù.

Ọ̀nà ni ó mú àyípadà wọ igbó náà. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, àwọn Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà tiwọn mọ́ oníṣòwò Èkó, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì ń wá ibi tí wọn yóò gbà dé etí òkun láìkọjá láàrin wọn. Ní ọdún 1872, ìjọba Èkó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Goldsworthy sí àwọn ará Oǹdó kí wọ́n padà sí Òde Oǹdó tí ogun abẹ́lé ti tú, kí ọ̀nà ìlà-oòrùn lè ṣí. Ọ̀nà yìí ń ti orí omi ọ̀sà wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó sì ń la igbó gúúsù Oǹdó kọjá lọ sí òkè. Nígbà ogun Èkìtì Parapọ̀ pẹ̀lú Ìbàdàn, òun ni ìbọn àti ẹ̀tù gbà dé ojú ogun. Church Missionary Society (CMS), ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, náà gba ibẹ̀ wọlé: ní ọdún 1877 ni Charles Phillips, ọmọ Yorùbá, dé Òde Oǹdó láti máa ṣe olùṣọ́ ìjọ, òun ni wọ́n sì fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893.

Ìyàwó púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le jù fún ìjọ tuntun náà. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth, ní 1888, pinnu pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ro ìpinnu yìí já yóò rí ohun tó bí: ìjọ tí ó kún fún àwọn obìnrin tí ìgbéyàwó wọn tọ́ lójú ẹbí, tí kò sì tọ́ lójú ìjọ. Àwọn ọkùnrin kan bínú jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Lára ohun tó bí United African Methodist Church ti Eléjà ní 1917 nìyẹn. Àwọn obìnrin kò jáde ní tiwọn. Wọ́n jókòó sínú ìjọ, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń mú ọmọ wá fún ìrìbọmi, wọ́n sì ń dúró de bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí.

Ní Èkó, àwọn obìnrin kan ti dán ìlànà òyìnbó wò délẹ̀. Láti 1869 ni ilé-ẹ̀kọ́ CMS fún àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ wọn ní ìránṣọ, dùùrù àti ìtọ́jú ilé. Òfin ìgbéyàwó ti 1884 sì ṣèlérí fún aya tó bá gba ṣọ́ọ̀ṣì wọlé pé òun nìkan ni yóò jẹ́ aya, ọkọ yóò sì máa bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ olówó wọ̀nyí fi ọjà sílẹ̀, wọ́n di ìyàwó ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i nínú ìwé. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi là. Ọkọ kú, àwọn ẹbí pín dúkìá. Ọkọ ní ilé kejì lẹ́yìn ìta, owó oúnjẹ dín kù. Aya kò sì ní ọ̀nà owó tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ọ̀pọ̀ wọn ti padà sídìí òwò, tàbí iṣẹ́ olùkọ́ àti ìránṣọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí ó dìde lẹ́yìn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ náà kì í sọ ọ́ jáde.

England ni ẹgbẹ́ tó lókìkí jù nínú wọn ti wá. Ní 1876, Mary Sumner, ìyàwó àlùfáà abúlé Old Alresford ní agbègbè Hampshire, kó àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ jọ, olówó pẹ̀lú tálákà, kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti tọ́ ọmọ wọn ní ọ̀nà Ọlọ́run. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Mothers' Union. Ẹgbẹ́ náà tàn ká láti 1885, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1926, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Mary Sumner. Mímọ́ ìgbéyàwó ni ohun àkọ́kọ́ nínú èròǹgbà wọn. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ yan ìgbìmọ̀ ní 1909 láti tún òfin ìkọ̀sílẹ̀ yẹ̀ wò, ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tó ta kò ó gidigidi pé kí ìkọ̀sílẹ̀ rọrùn. Obìnrin tí wọ́n bá kọ̀ sílẹ̀, tàbí tó bá kọ ọkọ sílẹ̀, kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Òfin náà le, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọ́n ṣe é.

Ẹgbẹ́ yìí dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ó sì bá ìjọ Áńgílíkà wọ inú ìlú àti abúlé. Àmọ́ òfin Mary Sumner kọlu àkójọ àwọn obìnrin tí ìpinnu Lambeth ti fi sílẹ̀ nínú ìjọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó lè wọ ẹgbẹ́, kí ni kí ìyàwó kejì olóko kòkó ṣe, ẹni tí ó ń wá sí ìsìn láràárọ̀, tí ó ń san owó ìjọ, tí ọmọ rẹ̀ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin? Ìjọ ilẹ̀ yìí dá a lóhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ kejì, Women's Guild, fún àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, àti Girls' Guild fún àwọn ọmọbìnrin. Lórí gbogbo wọn ni Ìyá Ìjọ wà. Oyè yìí kò sí nínú ìwé Mary Sumner. Inú ètò oyè Yorùbá ni ó ti wá, pẹ̀lú Ọ̀tún, Òsì àti àwọn tó kù. Lábẹ́ àṣíá ẹgbẹ́ òyìnbó, Lóbùn àti Òpójì ni wọ́n tún tò.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni kò jìnnà sí ohun tí àgbà obìnrin ilé ń kọ́ Ọ̀bìtun: ìwà pẹ̀lẹ́, ìmọ́tótó, ìtẹríba fún ọkọ, àìfi ọmọ sílẹ̀ láìtọ́. Àdúrà rọ́pò ètùtù, Bíbélì rọ́pò òwe díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń ṣe ọdún ìkéde fún Màríà ní oṣù kẹta, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìyá nígbà Lẹ́ńtì, wọ́n ń ran aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń bẹ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wò. Àwọn kan náà ni wọ́n ń dá àjọ àti èésú, tí wọ́n ń yá ara wọn lówó ọjà. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹni tó rí jájẹ jù lọ́jà ni ó ń di Ìyá Ìjọ, nítorí pé oyè náà ń ná ni lówó. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé obìnrin tí kì í sùn nílé ní ọjọ́ ọjà Oǹdó àti Òkìtìpupa ni yóò dìde lọ́jọ́ Ìsinmi láti kọ́ àwọn ìyàwó tuntun ní ìtọ́jú ilé. Lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ, kò sí ohun tó takora níbẹ̀.

Ìjọ yòókù kò jókòó lásán. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn, WMU, láti 1919. Lẹ́yìn ìsọjí ọdún 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣíwájú ní Iléṣà, ìjọ Aládùúrà tàn wọ gbogbo ilẹ̀ Oǹdó, Christ Apostolic Church sì dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbààwẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ, wọ́n ń gbàdúrà fún àgàn, wọ́n sì ń kọrin. Ẹgbẹ́ akọrin Obìnrin Rere ti Ìbàdàn ni ó sọ orúkọ náà di mímọ̀ kárí ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin Mùsùlùmí, Ìyá Àdínì àti ẹgbẹ́ Àṣàlátù ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 1985, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí láti gbogbo Nàìjíríà para pọ̀ di FOMWAN, Aisha Lemu sì ni Àmírà, ìyẹn olórí, àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí gbà pé ọkọ ni olórí ilé, ó sì ń jà kí obìnrin kàwé kí ó sì gba ogún tí ẹ̀sìn fún un. Irú ìdúró méjì yìí ló ṣòro fún ará òkèèrè láti lóye.

Ní kóòtù ni iná ti ń jó àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jù. Nígbà ìjọba òyìnbó, kóòtù ìbílẹ̀ ń gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ó sì yà àwọn àgbà lẹ́nu pé àwọn aya ni wọ́n ń pẹjọ́ jù. Obìnrin tó bá rí ọkọ mìíràn tí yóò dá owó orí padà lè jáde láìsí àríyànjiyàn gígùn. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe àwòkọ́ òfin lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, kí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á lò. Àwọn ìyá ìjọ kò ní agbára láti dá òfin dúró. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kí ó tó dé kóòtù. Wọn a pe tọkọtaya, wọn a bá aya wí níṣojú ọkọ, wọn a sì bá ọkọ wí ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé dúró nítorí ìyẹn. Ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́: àwọn aya kan wà tí ìmọ̀ràn “fara dà á” dá padà sábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń lù wọ́n.

Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ di ohun tí kò sẹ́ni tó rò nígbà Phillips. Òpópónà Èkó sí Benin àti ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tó la Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn kọjá dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn Yorùbá ti ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣe àpèjúwe ohun tó bá le. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí ìlà-oòrùn sì sọ Ọ̀rẹ̀ di ibi ìsinmi àti ibi oúnjẹ. Kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà fa àgbẹ̀ láti ibi gbogbo wá, Ebira, Igbo, Urhobo àti àwọn mìíràn. Ìlú tí àlejò pọ̀ níbẹ̀, tí obìnrin ń ta oúnjẹ títí di òru, tí ọkùnrin ń kọjá lọ láìsùn ju alẹ́ kan, kò sí ẹbí tó lè ṣọ́ ọ. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìjọ ti di ẹbí fún obìnrin tí kò ní àgbà obìnrin ilé nítòsí, kódà fún àwọn tí kì í ṣe Yorùbá.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe tirẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ti 1955 àti ti ìjọba Adékúnlé Ajáṣin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí kíláàsì ní ọdún tí ìyá wọn fi ń múra fún Ọ̀bìtun. Ayẹyẹ náà kò parẹ́, ó di ijó orí pèpéle tí wọ́n ń jó níwájú gómìnà. Ìlẹ̀kẹ̀ kù, ẹ̀rí àwọn àgbà obìnrin ti lọ.

Ní orílẹ̀-èdè, àwọn olórí obìnrin ìgbà òmìnira kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn Ìyá Ìjọ. National Council of Women's Societies tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí Tánímọ̀wò Ògúnlẹ́sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, béèrè fún ìbò àti ẹ̀kọ́ láìfọwọ́ kan ipò ọkọ nínú ilé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Women in Nigeria jáde láti Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn obìnrin ìgbèríko kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n gbọ́ ni Better Life tí Maryam Babangida bẹ̀rẹ̀ ní 1987, àti Family Support Programme ti Maryam Abacha ní 1994. Ìyàwó olórí orílẹ̀-èdè ló ń darí wọn ní ìjọba àpapọ̀, ìyàwó gómìnà ní ìpínlẹ̀, ìyàwó alága ní ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n dìbò yàn nínú wọn. Ìgbéyàwó ni ó gbé wọn dé ipò. Gààrí, epo àti ẹ̀yáwó ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ ìdílé.

Ó ṣàǹfààní láti fi èyí wé Amẹ́ríkà. Láti 1972 ni Phyllis Schlafly ti kó àwọn ìyàwó ilé jọ láti ta ko àtúnṣe òfin tí ìbá sọ ọkùnrin àti obìnrin di ọgbọọgba, títí gbèdéke rẹ̀ fi kọjá ní 1982. Ẹ̀tọ́ aya láti jókòó sílé kí ọkọ máa bọ́ ọ ni ó ń gbèjà. Ní Nàìjíríà, àbá òfin bẹ́ẹ̀ náà ṣubú: ti sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí láti Èkìtì ní oṣù kẹta 2016, àti márùn-ún mìíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022. Àwọn tó ta kò ó mẹ́nu ba ẹ̀sìn àti àṣà. Ṣùgbọ́n kò sí Ìyá Ìjọ kan ní Òdìgbó tí yóò gba ọ̀rọ̀ Schlafly bó ti wà. Ọkọ tó ní kí aya jókòó sílé láìfún un lówó òwò, wọn yóò ránṣẹ́ pè é.

Ní England, Mothers' Union ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ìgbéyàwó wọn tú láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970. Nínú ìjọ Áńgílíkà ní Nàìjíríà, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ni ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ náà, Women's Guild sì ṣì wà fún àwọn yòókù.